Ọjọ́ Tí Mo Kẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òkè Ọ̀kà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí níye ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Mo ti ní kí wọ́n fi kọ àròkọ, mo sì ti fi bíírò pupa gé máàkì ẹni tí kò túmọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìdajì òwe náà péré ni mo gbà gbọ́. Pé àgbà gbọ́n kò ṣòro lójú mi rárá. Pé ọmọdé náà gbọ́n, ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Orí òkè Ọ̀kà, lórí alùpùpù, ni mo ti rí ìdajì tó kù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí kò bá dé ilẹ̀ Àkókó rí lè rò pé òkè kan tàbí méjì ni mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní apá ibẹ̀ yẹn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àpáta ló ni ilẹ̀, àwa ènìyàn kàn tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni a pín Àkókó sí: Ìkàrẹ́ ni olú-ìlú ọ̀kan, Òkèàgbè ni ti èkejì, Ọ̀kà ni ti ẹ̀kẹta, Ìsùà sì ni ti ẹ̀kẹrin. Abẹ́ Ìsùà ni Ẹpinmi wà, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Èdè pọ̀ ní Àkókó ju ibi púpọ̀ lọ ní ilẹ̀ wa. Ẹpinmi ní èdè tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà mọ́ ẹbí èdè Ẹdó, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ará Ọ̀kà, ará Ìkàrẹ́ àti àlejò bí èmi sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ẹpinmi tó kọjú sí Ọ̀kà, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí yóò máa lọ́ bí ejò. Orí òkè ni Ọ̀kà tẹ̀dó sí. Ìlú náà ni Òkè Maria wà, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti máa ń gun àpáta lọ gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, inú kíláàsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní SS 2 nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, nítorí pé ẹ̀yìn ni èmi fúnra mi fi àwọn tí kò yára sí. Ètò mi nígbà náà ni pé kí àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé wà níwájú kí n lè bá wọn sáré. Ẹni tó bá lè tẹ̀ lé wa, kó tẹ̀ lé wa. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ yìí sùn lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ mi, mo ní kó dìde. Mo wí fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Bí o bá ń ṣe báyìí lọ, ọ̀kadà ni wàá gùn jẹun." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó. Nígbà tí a wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e, kò padà wá mọ́. N kò béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí mo fi bú u yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Alùpùpù ni orúkọ tí àwọn bàbá wa fi ìró ẹ́ńjìnnì sọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀kadà ní tirẹ̀, ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ìlú Ọ̀kadà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni Olóyè Gabriel Igbinedion fi sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀, Okada Air, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, owó náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò, aráàlú sì fi orúkọ bàálù dá wọn lápàárá. Bàálù náà ti kógbá sílé tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ló kù sójú títì. Ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, zémidjan ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá" ní èdè Fọ̀n. Bàálù níhìn-ín, gbé-mi-kíákíá lọ́hùn-ún: eré sísá ni gbogbo ayé mọ ọlọ́kadà mọ́. N kò tíì gbọ́ orúkọ kan tó yìn ín pé ó mọ bí a ṣe ń rọra.

Ní ọdún 2019, owó ọkọ̀ ti ń jẹ owó oṣù mi tán. Mo ra alùpùpù Bajaj àlòkù kan, èmi tí mo fi ọ̀kadà bú ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ ọ́n gùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gun òkè rí. Ó jẹ́ àṣà àwọn ọlọ́kadà àdúgbò wa pé, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọn kì í gbé èrò. Gbogbo wọn á kóra jọ, wọn á wẹ alùpùpù wọn, wọn á gba Ọ̀kà àti Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, wọn á jẹun níbẹ̀, wọn á sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún tí wọ́n ń gùn fún ìgbádùn ara wọn ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní alùpùpù lè bá wọn lọ, yálà àgbẹ̀ ni tàbí nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà. Mo forúkọ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ bo àwọn òkè débi pé òjìji wọn nìkan ni a ń rí. Ó tó alùpùpù ogún tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó ń fọwọ́ tẹ táyà, ó ń mi ṣéènì wò, ó ń fún ìjánu mọ́wọ́ láti mọ̀ bó ṣe ń di táyà mú. "Alága" ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ káàárọ̀, Sà. Ẹ kú ọdún."

Mo mọ̀ ọ́n kó tó dìde. Ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì ni.

N kò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ó yẹ ìjánu mi wò, ó mi orí, ó mú sípánà jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì fún èyí tẹ̀yìn le díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró láàárín gbogbo wa, ó sì ka òfin ìrìn. Gbogbo wa gbọ́dọ̀ dé akoto. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ya ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ wọ kọ́nà tí a kò rí òdì kejì rẹ̀, kí a fun fèrè. Ẹni tó wà níwájú bá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wa dẹwọ́ eré. Bó bá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sílẹ̀, kòtò tàbí iyanrìn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Àmì ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú. Láàárín wa, èdè abínibí tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí a gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Èdè kan tí gbogbo wa gbọ́ ni ti ọwọ́ yẹn.

Nígbà tí ó kan ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ, Alága ní òun ni yóò ṣíwájú. Ó mú ọkùnrin kan tó ti lé lọ́mọ ọdún ọgọ́ta, ẹni tó gùn ju gbogbo wọn lọ, ó fi í sí ìparí. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí mi: "Sà, ẹ̀yìn mi gan-an lẹ máa wà."

Ojú tì mí. Mo rò pé bóyá ọlá ni ó ń bù fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi láìbéèrè pé, "Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀nà ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá wà lẹ́yìn, á máa sáré kó lè bá àwọn iwájú, eré yẹn ló máa pa á. Ìwọ̀n eré tiẹ̀ ni gbogbo wa máa sá."

Báyìí ni èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ fi di ẹni tí ogún alùpùpù ń dúró dè. A kúrò. Bí a ti ń gòkè, mo rí ojú Alága nínú dígí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí mo bá fà sẹ́yìn, òun náà á dẹwọ́. Bí mo bá sún mọ́ ọn jù, á na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí n fi àyè sílẹ̀. Mo kọ́ láti dín eré kù kí n tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí mo bá wọ inú rẹ̀ tán. Mo kọ́ pé ibi tí ojú ènìyàn bá ń wò ni alùpùpù ń lọ: ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, kòtò ni yóò bọ́ sí. Nígbà tí a yọ sí Ọ̀kà, oòrùn ti ń gba inú ọyẹ́ kọjá, àwọn ọmọdé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kà wá: ení, èjì, ẹ̀ta. Inú mi dùn bí ọmọdé.

A jẹ iyán ní Ìkàrẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, pàápàá nípa akoto. Àwọn tó dàgbà nínú wọn rántí ìgbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin akoto ní oṣù Kínní ọdún 2009, tí àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ yìí fi igbá gbígbẹ borí, tí àwọn mìíràn sì dé agolo ọ̀dà, tí ìròyìn rẹ̀ fi dé òkè òkun. Mo sọ fún wọn pé ọdún 1988 ni a dá àjọ náà sílẹ̀, àti pé òǹkọ̀wé ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó ti kọ eré-oníṣe kan nípa ojú ọ̀nà àti ikú, The Road, ní 1965. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé òun náà mọ ọ̀kadà gùn ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo di tíṣà padà, ìyẹn sì gbé mi ga ju bó ti yẹ lọ.

Ìgbéraga yẹn ni mo gbé sọ̀kalẹ̀ láti Ọ̀kà nígbà tí a ń padà bọ̀. Epo inú táńkì mi ti ń lọ sílẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, kí epo lè ṣẹ́kù. Mo yọ jíà, mo fi alùpùpù sí fíríì, mo sì pa ẹ́ńjìnnì. Ariwo dákẹ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ nìkan ló ń fẹ́ létí mi. Ó dùn gan-an fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé eré mi ń pọ̀ sí i. Mo tẹ ìjánu ẹ̀yìn, ó dá mi dúró díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo fi ẹsẹ̀ sí i títí, n kò gbé e kúrò. Òórùn ohun tó ń jóná gba imú mi. Ẹsẹ̀ mi ń lọ sílẹ̀, alùpùpù kò dẹwọ́ mọ́, kọ́nà sì wà níwájú.

Alága kò bojú wẹ̀yìn. Dídákẹ́ tí ẹ́ńjìnnì mi dákẹ́ ló gbọ́, dígí ló sì fi rí ìyókù. Ó gbọ́wọ́ sókè fún àwọn tó kù, ó fà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì jẹ́ kí n bá òun títí a fi wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó rinlẹ̀: "Sà, ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ jíà wọlé. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, Sà." Mo ṣe é. Alùpùpù mì tìtì lábẹ́ mi, ẹ́ńjìnnì ké, eré sì já wálẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fà mí láṣọ lẹ́yìn. "Ẹ má tẹ tiwájú nínú kọ́nà o. Ojú yín síwájú." A wọ kọ́nà náà pọ̀. Ní ìdajì rẹ̀ ni tírélà kan yọ, ó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ó sì gba àárín ọ̀nà. Alága fà síwájú, mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, a gba etí ọ̀nà kọjá. Bí mo bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú eré tí mo ń bá bọ̀, èmi kọ́ ni ì bá máa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìsàlẹ̀, a dúró. Ẹnikẹ́ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá tó wà ní ìparí bu omi fún mi mu. Alága jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ṣàlàyé bí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí jíà bá wà nínú, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa di táyà mú, ìjánu á kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni. Bí ènìyàn bá yọ jíà, ìjánu nìkan ló kù láti gbé gbogbo ìwúwo náà. Bí ó bá sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìdẹwọ́, ìjánu á gbóná títí kò fi ní lè di nǹkan mú mọ́. "Jíà tí ẹ bá fi gòkè, Sà, òun náà ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka fíṣíìsì ti mọ̀ pé ohun tó ń sọ nìyẹn: ìfọwọ́ra nǹkan méjì ń sọ agbára eré di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ.

Mo pa ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tì. Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sí yín nígbà kan nínú kíláàsì."

Ó yára dá mi lóhùn: "Sà, ẹ má fi 'ẹ' pè mí."

"Ẹ jẹ́ kí n fi pè yín lónìí."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mi ò gbàgbé, Sà. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kúrò nílé-ìwé. Àìsàn bàbá mi ni. Oko ni mo máa ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn ní kíláàsì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó kàn dùn mí ni pé ẹ ò béèrè."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Àforíjì rẹ̀ kò dá ọdún tó lọ padà, n kò sì ní díbọ́n pé ó dá a padà.

Ní oṣù Kínní ọdún 2021, tírélà kan tí ìjánu rẹ̀ kọṣẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá ya wọ àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, òórùn ohun tó ń jóná yẹn padà sí imú mi. Ẹrù tó ju agbára ìjánu lọ, òkè kò mọ̀ ọ́n ní ti ọ̀mọ̀wé tàbí ti púrúǹtù. Yorùbá sì ti fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ ọ́ fún wa tipẹ́: ìjánu ni a fi ń dá ẹṣin àti ọkọ̀ dúró, ìkóra-ẹni-níjàánu sì ni ìwà ọmọlúàbí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ èkejì láìmọ ìlò àkọ́kọ́.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kínní 2020, mo ti tún ìjókòó kíláàsì mi tò. Àwọn tí kò yára ni mo mú wá síwájú, ní ẹ̀yìn mi gan-an bí ẹni pé mo ní dígí, mo sì ní kí àwọn tó mọ̀ jù lọ máa wà ní ìparí, kí wọ́n máa wo ẹni tó bá fẹ́ já sílẹ̀. Àwọn òbí kan ráhùn pé mò ń dá ọmọ wọn dúró. Ìráhùn náà ní ìdí, nítorí pé a kò ka gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ní sáà yẹn, títí àrùn Kòrónà fi ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta. N kò tíì rí ọ̀nà tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá sùn ní kíláàsì mi lónìí, n kì í ní kó dìde. Mo máa ń dúró di ìgbà ìsinmi, kí n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sì bi í pé, "Aago mélòó lo jí lónìí?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ yín kò bá béèrè, ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kó di dandan fún ọmọ láti sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Mo ti wá mọ òwe náà parí. Ẹni tó kọ́ mi kò ní ìwé ẹ̀rí, ó sì ń gbé èrò lọ sí Ọ̀kà ní òwúrọ̀ òní bí mo ti ń kọ èyí.